Olórin kékeré, òṣómàáló ni kó jẹ́

Ẹ gbọ́ ná. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú, kó fi pamọ́ di alẹ́.

Sátidé tó kọjá, àwa méje la ṣeré ní ilé ọtí kan níbí ní Òṣogbo, láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí ó fi kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù. ₦40,000 la jọ fẹnu kò sí. Nígbà tí a palẹ̀ ẹrù mọ́ tán, ọ̀gá ilé ọtí ka ₦10,000 sọ́wọ́ olórí wa. Wọ́n ní èrò ò pọ̀ tó bí àwọn ṣe rò. Wọ́n ní ká má wo ti owó, pé àwọn èèyàn pàtàkì ló ń wá mutí níbẹ̀, wọ́n ti rí wa, orúkọ wa máa tó tàn. Wọ́n wá fi mínírà kọ̀ọ̀kan lé e.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé ìlù òyìnbó àti sípíkà wa lọ gba ₦6,000. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé ọtí ò lè gbé fíríìjì àti ohun èlò wa pọ̀, la bá tan tiwa. Epo, ₦3,500. Ó ku ₦500. Èèyàn méje. Onígìtá wa fi ra gúgúrú àti ẹ̀pà, a ń jẹ ẹ́ lẹ́bàá títì ní Ọlá-Ìyá bí a ṣe ń bẹ awakọ̀ pé kó gbé wa padà ní àwìn.

Mo wá ṣe àṣìṣe kan. Mo kọ ọ́ síbí.

Èsì tí mo rí gbà pọ̀ ju owó tí a gbà lọ. Ẹnì kan ní, "Ẹ lọ Èkó jàre, kí lẹ ń wá l'Óṣogbo?" Ẹlòmíì ní kò sẹ́ni tí kì í ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ká fara dà á. Bọ̀ọ̀dá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún wá fi fọ́tò àwọn ọmọ ìlú òyìnbó kan ránṣẹ́: kóòtù dúdú, fìlà kékeré, wọ́n há mọ́ igun ilé ọtí kan pẹ̀lú fèrè àti gìtá. Ẹgbẹ́ ska ni. Bọ̀ọ̀dá ní, "Àwọn yìí náà, ilé ọtí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé wọ́n sunkún?"

Èsì bọ̀ọ̀dá yìí ló wọ̀ mí lára jù, torí mo fẹ́ràn ska gan-an.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: àwọn ọ̀dọ́ Jàmáíkà ló gbé orin yìí jáde ní ìparí àwọn ọdún 1950, kí rẹ́gẹ̀ tó dé. Gìtá ẹ̀ kì í já síbi tí ẹsẹ̀ rẹ bá bọ́ sí. Àárín ìṣísẹ̀ méjì ló máa ń já sí, ìdí nìyẹn tí ara ò fi lè dúró jẹ́ẹ́. (Onígìtá wa máa ń jí i lò nínú jùjú. Kò tíì sẹ́ni tó mú un.) Àwọn ará Jàmáíkà tó kó lọ sílùú ọba gbé e dání lọ. Ní 1977, àwọn ọmọ Coventry kan, dúdú àti funfun, dá The Specials sílẹ̀. Madness ní tiwọn, ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Dublin Castle, ní Camden ní London, wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣeré ní 1979 kí ayé tó mọ̀ wọ́n. Òótọ́ ni bọ̀ọ̀dá sọ. Mi ò jiyàn.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi ń wá àpẹẹrẹ lọ dé Camden, nígbà tí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wà níbí, tí èèyàn lè wọkọ̀ láti Òṣogbo kó débẹ̀, kó sì padà wálé kí ilẹ̀ tó ṣú?

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé I.K. Dairo kàn jẹ́ orin tí bàbá àgbà ń gbọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí.

Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí ní 1931, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni orírun wọn. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, bàbá ẹ̀ kan ìlù fún un. Nígbà tó yá owó ò sí mọ́ nílé, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó forí lé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó ń gẹrun fún èèyàn jẹun. Ìlù tí bàbá kàn yẹn, ó gbé e dání. Ní 1942 ó wọ ẹgbẹ́ eléré kan tí Taiwo Igese jẹ́ olórí ẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Láàárín ọdún mélòó kan, ẹgbẹ́ yẹn tú ká.

Ní 1948 ó dé Ẹdẹ, ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Aṣọ ló ń kiri níbẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, ọ̀gá kan ló ń bá ṣiṣẹ́. Tó bá ti dilẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ àwọn eléré ìlú. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá ò sí nílé, ló bá bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ jáde, wọ́n ń lùlù, wọ́n ń kọrin kiri ìgboro Ẹdẹ. Kò mọ̀ pé ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá ń bọ̀. Iṣẹ́ bọ́.

Mo fẹ́ràn apá yẹn ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹni tó padà gba oyè MBE lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1963, oúnjẹ ẹnu ẹ̀ ló fi ra ìrìn ìgboro Ẹdẹ kan ṣoṣo.

Ó tún ṣe iṣẹ́ agbára káàkiri, ó tọ́jú owó díẹ̀, ó lọ sí Ìbàdàn, ó bá Ojoge Daniel ṣeré fúngbà díẹ̀. Òde alẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ó bá oríṣiríṣi ọ̀gá eléré ṣiṣẹ́. Ìgbà tó di 1957 ló tó ní ẹgbẹ́ tiẹ̀, èèyàn mẹ́wàá, Morning Star Orchestra. Ní 1960, nígbà òmìnira, lọ́yà kan ní Ìbàdàn pè wọ́n wá ṣeré níbi àríyá, àwọn ẹni ńlá ilẹ̀ Yorùbá gbọ́ wọn níbẹ̀, ọ̀nà là. Wọ́n yí orúkọ padà sí Blue Spots, wọ́n gbégbá orókè nínú ìdíje tẹlifíṣọ̀n ní Ìwọ̀-Oòrùn. Òun ló gbé accordion wọ jùjú, dùùrù tí wọ́n ń fà síta tí wọ́n ń tì padà sáyà yẹn. Ìyókù, ẹ bi àwọn bàbá yín.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ ní, "Ṣé o rí i? Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi fara dà á. Ìwọ ń sunkún lórí Sátidé kan."

Ẹ dúró ná. Kí ló ń bọ́ ọ láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn? Irun gígẹ̀. Aṣọ kíkiri. Iṣẹ́ agbára. Ìlù ò bọ́ ọ. Òun ló ń bọ́ ìlù. A mọ ìtàn ẹ̀ torí pé kò kú sójú ọ̀nà. Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ Taiwo Igese ńkọ́? Ta ló mọ orúkọ wọn? Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn mọ̀ ọ́n lù ju Dairo lọ, àmọ́ kó ní ọmọ nílé tó ń sunkún oúnjẹ. Gbogbo ìgbà tí a bá ń sọ pé "lágbájá náà jìyà kó tó là," ẹni tó là nìkan là ń kà. Àwọn tó jìyà tí wọ́n sì padà lọ ṣe nǹkan míì, a kì í kà wọ́n.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn yẹn tí àwọn èèyàn máa ń fò kọjá, aṣọ tó ń kiri yẹn. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń tajà bẹ́ẹ̀? Òṣómàáló. Wọ́n á gbé aṣọ dé ìlú onílùú, wọ́n á tà á ní àwìn, wọ́n á dá ọjọ́. Tọ́jọ́ bá pé tí owó ò jáde, Ìjẹ̀ṣà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ. Kò ní jókòó, kò ní gba omi. Lóṣòó ló máa wà títí ó fi máa gbowó ẹ̀. Ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. Àwọn kan máa ń fi bú wa pé Ìjẹ̀ṣà fẹ́ràn owó jù. Èmi kì í bínú sí i. Ẹni tó ta ọjà tó ń bèèrè owó ọjà, kí ló ṣe tí kò dáa?

Mi ò rò pé ọkùnrin tó kiri aṣọ rí gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn. Ní 1969, òun àti Haruna Ishola, jùjú àti àpàlà, jọ dá ilé iṣẹ́ àwo orin tiwọn sílẹ̀, Star Records. Àwọn méjèèjì ti lókìkí nígbà yẹn. Wọ́n mọ̀ pé òkìkí ọ̀tọ̀, owó ọ̀tọ̀.

Òṣogbo náà ní tiẹ̀, kó má dà bíi pé Ìjẹ̀ṣà nìkan ni mò ń gbè lẹ́yìn. Duro Ladipo, tíṣà ni, olórin ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ní 1961 ó gbé ìlù Yorùbá wọ orin Àjíǹde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, inú àwọn kan ò dùn sí i rárá, ló bá kó orin ẹ̀ jáde lọ síbòmíì. Ó ní ilé ọtí kan nígboro Òṣogbo yìí, Popular Bar lorúkọ ẹ̀. Ní 1962, òun àti Ulli Beier sọ ilé ọtí yẹn di Mbari Mbayo. Mbari, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni, àmọ́ àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ bíi "ń bá rí i, ń bá yọ̀." Àwa náà kì í ṣeé tàn. Oṣù kẹta ọdún yẹn ni wọ́n fi Ọba Mórò ṣílé náà. Lọ́dún kejì, Ọba Kò So. Ní 1964, Ọba Kò So ti dé Berlin. Ọdún kan náà ni Twins Seven-Seven dé Òṣogbo, tó ń jó tẹ̀lé ẹni tó ń ta oògùn, ó sì kọsẹ̀ wọ Mbari Mbayo, kò jáde mọ́.

Láti ilé ọtí dé Berlin, ọdún méjì péré. Ẹ kíyè sí ìdí kan o: ẹni tó ni ilé ọtí yẹn, òun náà ni olórin. Kò sẹ́ni tó máa dúró tì í lóru láti sọ fún un pé èrò ò pọ̀ tó.

Ẹ má rò pé mo kórìíra ilé ọtí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ gbogbo nǹkan tí mo mọ̀. Lóṣù tó kọjá a lọ ṣeré ní Iléṣà, èèyàn mọ́kànlá ló wá. Mo kà wọ́n, torí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni tèmi, ojú mi máa ń ráyè. Bàbá kan wà ní igun, ìgò kan ṣoṣo ló wà níwájú wọn láti ìrọ̀lẹ́. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ mọ orin Dairo?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Irọ́ ni. Ọ̀kan la mọ̀, ìdajì ẹ̀ la sì mọ̀. Onígángan wa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, lọ bèèrè orúkọ bàbá lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù pè wọ́n. Olórin wa tẹ̀lé e. Níbi tí orin ti tán sí wa lẹ́nu, gángan gbà á, ó ń bá a lọ. Bàbá dìde. Wọn ò jó púpọ̀, èjìká lásán ni. Nígbà tí wọ́n jókòó, wọ́n ní bàbá àwọn tó ti kú ló máa ń gbé àwo yẹn sórí giramafóònù lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n pa ìyókù ọ̀rọ̀ náà mọ́nú.

Lọ́sẹ̀ yẹn la kọ́ orin náà tán látòkèdélẹ̀. Ká ní fídíò la kàn ń ṣe nínú yàrá, ta ló máa tú wa fó pé ìdajì la mọ̀?

Àti pé wọ́n sanwó fún wa níbẹ̀. Ìyá kan ló ni ibẹ̀. Kí a tó lọ, mo pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bíà ti wọ́n. Ìgò kan ni àwọn oníbàárà mi fi ń jókòó di òru. Tí mo bá pe DJ, ẹnì kan ni, kọ̀ǹpútà kan ni. Ẹ̀yin, ẹ jẹ́ méje. Níbo ni mo ti fẹ́ rí owó èèyàn méje?" Mo ní, "Ẹ má bínú mà, èwo lẹ ní?" Wọ́n ní ₦20,000. Nígbà tí a débẹ̀, a ò tíì tú ẹrù tí ₦20,000 fi dọ́wọ́ wa. Mi ò ní ìjà kankan pẹ̀lú ìyá yẹn títí ayé. Ohun tí wọ́n sọ nípa DJ, òótọ́ ni, mi ò sì ní fi òótọ́ bá ẹnikẹ́ni jà. ₦20,000 tó wọlé dáa ju ₦40,000 orí ahọ́n lọ.

Nǹkan tó tún mú kí tiwa le ju ti àwọn bàbá wa lọ ni ìnáwó. Nígbà tiwọn, owó àdéhùn nìkan kọ́ ni owó eléré. O pe èèyàn lórúkọ, o kì í, ó dìde, ó lẹ owó mọ́ ẹ níwájú orí. Jùjú gan-an, bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn. Ibi tí ìlù ti máa ń sọ̀rọ̀ gùn ni wọ́n fi sílẹ̀ kí olówó lè ráyè rìn dé iwájú. Ṣùgbọ́n òfin Bánkì Àpapọ̀ ti 2007 ní ẹni tó bá fọ́n náírà níbi ayẹyẹ lè fẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà jura, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò sẹ́ni tó kà á sí, àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní April 2024. Látìgbà yẹn, níbi tí àwa ti ń ṣeré, ẹni tó yẹ kó dìde, fóònù ló máa ń gbé sókè. Ó ń ya fídíò wa.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni rú òfin o. A kọ nọ́ńbà ákáǹtì wa sórí páálí gàdàgbà, a gbé e síwájú ìlù. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ₦2,700 ló wọlé. ₦1,000 nínú ẹ̀, ìyá oníkíbọ́ọ̀dù wa ló fi ránṣẹ́ látilé.

Torí náà ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ máa ń ya wa ní fídíò, tí ẹ máa ń kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "ẹ̀bùn Ọlọ́run lèyí," nọ́ńbà yẹn wà nínú fídíò tí ẹ yà. Ẹ wò ó dáadáa. ₦200 kì í ṣe àbùkù. Ẹni tó ra bíà tí ò lè fún onílù ní ₦200, kó má pè é ní olólùfẹ́ orin, olólùfẹ́ bíà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká lọ Èkó, ta ló máa san owó ilé? Dairo lọ Ìbàdàn, ó kọ́ iṣẹ́, ó padà wálé. Kò sóhun tó burú nínú lílọ. Èyí tó burú ni pé ká máa lé gbogbo ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lù kúrò nílùú, ká wá máa ráhùn pé Òṣogbo ò ní nǹkan kan àfi ìgbà ọdún Ọ̀ṣun.

Àwa fúnra wa náà, mo ní ẹ̀bi tiwa. A ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ pẹ̀lú ilé ọtí ti Sátidé. Ojú ń tì wá. Èèyàn á ní òun ò fẹ́ dà bí ẹni tí owó ń pa, pàápàá níwájú ẹni tó tó bàbá ẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, ìdajì owó kí ìlù tó kúrò nílé, ìdajì kó tó wọ inú ọkọ̀ padà. Tí ẹ bá ní ẹgbẹ́ tiyín, ẹ jẹ́ ká jọ máa ṣe bẹ́ẹ̀, torí tí àwa bá bèèrè tí ẹ̀yin gbà láti ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ti pa wá, ẹ sì ti pa ara yín.

Onígángan wa ò dá sí gbogbo àríyànjiyàn yìí. Kì í kọ nǹkan síbí. Ní Monday, ó gbé àpótí kékeré kan, ó lọ síwájú ilé ọtí yẹn láago mẹ́wàá àárọ̀, wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ìyókù owó wa ni mo wá gbà." Ó sì padà jókòó sórí àpótí ẹ̀. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọ́n ń bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, látìbẹ̀rẹ̀. Títí kan ti gúgúrú.

Nígbà tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n pè é wọlé, wọ́n ka ₦20,000 fún un. Ó ku ₦10,000. Ó ní Ọjọ́bọ̀ lòun máa padà lọ, àti pé lọ́tẹ̀ yìí, òun máa gbé gángan dání.